Ṣé Ẹ̀kọ́ Ère Òkúta Íńdíà Tí Wọ́n Ń Ṣe ní Abẹ́òkúta Tó Owó Tí Wọ́n Ń Gbà?

Yàrá ìkàwé aládàáni kan wà tí kò jìnnà sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ olówó ní ọ̀sán Sátidé fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín dá lórí àwọn yaksha, ìyẹn àwọn ẹ̀mí inú igi, inú omi àti inú ilẹ̀ tí àwọn ará Íńdíà ìgbàanì ń bọ, àti lórí àwọn ère òkúta àkọ́kọ́ tí wọ́n gbẹ́ fún wọn. ₦5,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọ̀wọ́ náà, ìwé pẹlẹbẹ tó bá a rìn sì jẹ́ ₦2,500 lọ́tọ̀. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ̀kọ́ náà tó owó rẹ̀, ó tilẹ̀ jù ú lọ, ìwé pẹlẹbẹ náà ni kò tó o.

Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni ibi tí olùkọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ère Íńdíà a máa gbéra láti orí Buddha, ẹni tó dá ẹ̀sìn Buddha sílẹ̀, tó ká ẹsẹ̀ jókòó, tàbí láti orí òrìṣà Shiva tó ń jó láàárín agbo iná, wọn a sì fi àwọn ẹ̀mí igi àti odò sílẹ̀ bí ohun tí kò tó nǹkan. Ìdí igi ni olùkọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nínú ẹ̀sìn àwọn àlùfáà tó ń ké ẹsẹ Veda, ọ̀rọ̀ mímọ́ Íńdíà ìgbàanì, inú iná ni ẹbọ ń lọ: wọn a da bọ́tà yíyọ́ àti ọkà sí i, wọn a sì máa ké àwọn ẹsẹ tí wọ́n ti há sórí láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n kò sí ère níwájú wọn tí wọ́n ń wólẹ̀ fún. Lẹ́yìn odi ìlú, létí odò àti ní oríta, nǹkan mìíràn ni àwọn ará abúlé ń ṣe. Wọn a mọ pèpéle yí ìdí igi ńlá kan ká, wọn a fi ọgbà sé e mọ́, wọn a sì gbé òdòdó, tùràrí, àtùpà àti oúnjẹ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti orin. Àwọn ẹ̀mí mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹran àti ọtí ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀mí tó ń gbé ibẹ̀ ni yaksha, bí ó bá jẹ́ akọ, tàbí yakshi, bí ó bá jẹ́ abo. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń bọ ère nínú tẹ́ńpìlì Íńdíà lónìí, pẹ̀lú òdòdó, iná àtùpà àti oúnjẹ, yóò rí i pé ìlànà ìdí igi yẹn ni ó jọ jù, kì í ṣe ti iná àwọn àlùfáà.

Ìtàn kan ló fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, n kò sì rò pé ó lè rí èyí tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń sọ pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Sujata, tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìdí igi banyan kan pé bí òun bá rí ọkọ rere fẹ́, tí òun sì bí ọmọkùnrin, òun yóò padà wá dúpẹ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó ń fẹ́, ó fi wàrà se ìrẹsì, ó gbé e lọ, ó sì bá ọkùnrin kan tó jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi náà. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹ̀mí igi ló fara hàn òun, ó sì gbé oúnjẹ náà fún un. Siddhartha ni ọkùnrin náà, kété kí ó tó di Buddha. Nínú ìtàn tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ fúnra wọn ń sọ, ẹbọ yaksha ni Buddha fi pa ebi, obìnrin tó sì gbé e wá kò fura pé ẹlòmíràn ni. Gbólóhùn kan péré ni olùkọ́ náà fi sí i, ó ní kí a fi ìtàn náà sọ́kàn títí a ó fi dé orí ère Buddha, ó sì kọjá sí nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ràn olùkọ́ tó lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó jinná.

Kò fi yaksha ṣe ẹ̀mí rere lásán, èyí tí ó rọrùn láti ṣe bí ènìyàn bá ń wá àtẹ́wọ́. Àwọn kan ń fúnni lọ́mọ, wọ́n ń fúnni lówó, wọ́n ń ṣọ́ ìlú. Àwọn mìíràn a máa ki àìsàn mọ́ ènìyàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jẹ ènìyàn nínú ìtàn. Hariti wà lára wọn, yakshi tó ní ọmọ 500 tó sì ń jí ọmọ ọlọ́mọ jẹ, títí Buddha fi mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó sì dé abọ́ báárà rẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí ó wá ọmọ náà tì, tí ó sì sunkún dé ọ̀dọ̀ Buddha, Buddha bi í léèrè pé bí ìwọ tí o ní 500 bá lè sunkún báyìí nítorí ẹyọ kan, kí ni kí ẹni tó ní ẹyọ kan ṣe. Ọjọ́ náà ló yí padà tó sì di aláàbò àwọn ọmọdé. Àwọn ìyá tó wà nínú yàrá náà mi kanlẹ̀.

Kubera ni ọba gbogbo wọn, àríwá ni ibùjókòó rẹ̀, òun ló sì ń ṣọ́ ìṣúra ayé. Manibhadra ni ti àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò. Ọ̀rọ̀ ìṣúra yìí ló gbé olùkọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà báńkì àgbà ti orílẹ̀-èdè Íńdíà ní New Delhi, níbi tí ère yaksha àti yakshi ńláńlá méjì ti agbẹ́re Ramkinkar Baij ṣe dúró títí di òní. Ère yaksha àtijọ́ kan tí wọ́n rí ní Parkham, tí n óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́, ló wò ṣe ti ọkùnrin, ó sì wo ère àtijọ́ kan láti Besnagar ṣe ti obìnrin. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ nípa ohun tó yẹ kí a gbé síwájú àwọn báńkì tiwa, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan sì bá ìyẹn lọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ère Parkham gan-an ni ẹ̀kọ́ náà dára jù. Abúlé ni Parkham, nítòsí ìlú Mathura ní àríwá Íńdíà, ibẹ̀ sì ni Alexander Cunningham, sójà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó di olórí àwọn awalẹ̀ ìjọba níbẹ̀, ti rí ère náà ní nǹkan bí ọdún 1882. Kí olùkọ́ wa tó fi àwòrán kankan hàn wá, ó ti fi téèpù wọn ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi mítà 2.59, ó sì ní kí ẹni tó ga jù nínú wa lọ dúró sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dìde kì í ṣe ènìyàn kúkúrú, síbẹ̀ àlàfo tó wà láàárín àtàrí rẹ̀ àti ìlà náà ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ìgbà yẹn ni àwòrán tó yọ. Ọkùnrin kìǹbà kan ni, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó ró aṣọ mọ́ ìdí, ọ̀já kan gba abẹ́ ikùn rẹ̀, òmíràn gba àyà, orúnkún òsì rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi lé ẹsẹ̀ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ti kán, ojú rẹ̀ sì ti họ. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ sí jù, nítorí pé ẹni tó bá wá bọ ọ́ yóò dojú kọ ọ́ ni, yóò sì gbé ojú sókè kí ó tó rí ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó mú wa wá sí ìdí ère, níbi tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ní lẹ́tà Brahmi, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé Íńdíà àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà dárúkọ ẹ̀mí náà, Manibhadra, ó sì dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, Gomitaka, ọmọ iṣẹ́ Kunika. Nǹkan bí ọdún 150 ṣáájú ìbí Jésù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi iṣẹ́ náà sí. Agbẹ́gilére kan láti Ìtòkò tó jókòó lẹ́yìn mi kò lè pa á mọ́ra.

“Ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n,” ni olùkọ́ dá a lóhùn, “ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀.”

Mi ò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn nínú ìlú yìí tí ẹnu yóò ti ya oníṣẹ́ ọwọ́ kan sí ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, láìsí pé ẹnikẹ́ni nílò láti túmọ̀ ìmọ̀lára náà fún un.

Apá tó dá lórí Ashoka, ọba ńlá Íńdíà ìgbàanì, kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣe pàtàkì: ìgbà rẹ̀, láti nǹkan bí 268 títí dé 232 ṣáájú ìbí Jésù, ni òkúta oníyanrìn láti Chunar, nítòsí Varanasi, di ohun tí wọ́n fi ń ṣe òpó ńláńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ dán títí yóò fi máa kọ mànà, lẹ́yìn tó jẹ́ pé igi àti amọ̀, tí kì í pẹ́ jẹrà tàbí fọ́, ni wọ́n ti ń lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Láìsí àwọn oníṣẹ́ òkúta wọ̀nyẹn, ó ṣòro láti rò bí àwọn yaksha ì bá ṣe kúrò ní igi kí wọ́n sì di òkúta. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sán kan ni ó fi sọ ìtàn ogun àti ìrònúpìwàdà ọba náà, èyí tí ènìyàn lè rí kà níbi gbogbo, àti ti kìnnìún mẹ́rin orí òpó Sarnath tó di àmì ìjọba Íńdíà ní ọdún 1950. Ìdajì àkókò yẹn ì bá tó.

Ère obìnrin tí wọ́n rí ní Didarganj, ní ìlú Patna, létí odò Ganga, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1917, ni wọ́n fi ṣe ìpolówó ẹ̀kọ́ náà. Òun náà ló sì jìyà jù lọ́wọ́ pírójẹ́kítọ̀ wọn. Ohun tó sọ ère yẹn di olókìkí ni bí wọ́n ṣe dán ara rẹ̀ tó, tó fi jẹ́ pé òkúta Chunar náà ń dán bí ara ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para. Lára ògiri yàrá náà, amọ̀ gbígbẹ ni a rí. Olùkọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí oníkálùkù lè fẹ àwòrán náà lójú. Nígbà tí ó kàn mí, mo pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 157 láìka ìpìlẹ̀ tó dúró lé, ìyẹn bí obìnrin gidi. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣàn gba àárín ọmú rẹ̀ méjèèjì, okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ tò lé ara wọn lórí, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, ó sì wúwo, ikùn rẹ̀ sì ní ìlà kékeré bí ti ẹni tó ti bímọ rí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kán dànù, imú rẹ̀ ti fọ́. Wọn kò pa ẹ̀yìn rẹ̀ tì bí wọ́n ṣe pa ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ère ìgbà náà tì: irun rẹ̀ tí wọ́n dì àti aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe pé.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí ohun tó gbé lé èjìká. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin olùkọ́, ayaba lèyí. Ṣé ẹ kò rí ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?”

“Mo rí i, ìyá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹni tó gbé e dání kọ́ ni ọlọ́lá. Ẹni tí wọ́n ń fì í lé lórí ni.”

“Ta ni wọ́n ń fì í lé lórí níbí, wàyí?”

“A kò rí i, mà.”

Ìdáhùn yẹn ni iṣẹ́ olùkọ́. Kò sí orúkọ kankan tí wọ́n fín sára ère Didarganj, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé kì í ṣe yakshi rárá, pé ìránṣẹ́ tó ń dúró ti olúwa rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọn kò fẹnu kò lórí ọjọ́ orí rẹ̀ pàápàá: ẹni tó tẹ̀ lé dídán ara rẹ̀ yóò fi í sí ìgbà Ashoka tàbí ìgbà tó tẹ̀ lé e, ẹni tó tẹ̀ lé ìrísí ara àti ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ lè gbé e wá sí ọ̀rúndún kìíní tàbí ìkejì lẹ́yìn ìbí Jésù. Ní Bihar Museum, ní Patna, ni ère náà wà báyìí. Bí àwọn onílé ẹ̀kọ́ yìí bá ń ka ohun tí mo ń kọ, kí wọ́n jọ̀wọ́ ra gílóòbù pírójẹ́kítọ̀ wọn ní tuntun kí wọ́n tó tún gbé obìnrin yẹn jáde.

Láti ibẹ̀ a bọ́ sí Bharhut àti Sanchi, àpò ọ̀rọ̀ sì tú sílẹ̀. Stupa ni àwọn méjèèjì, òkìtì ńlá roboto tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha mọ, tí wọ́n sì fi ọgbà òkúta yí ká. Cunningham ló rí ti Bharhut ní ọdún 1873, ọ̀pọ̀ nínú ọgbà rẹ̀ sì wà ní Indian Museum ní ìlú Kolkata. Lára àwọn òpó ọgbà náà ni àwọn yaksha dúró sí, àwọn kan pàtẹ́wọ́ pọ̀ bí ẹni ń kí àgbà, orúkọ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní kedere: Kubera, Suchiloma, yakshi Chandra tó fi apá kan àti ẹsẹ̀ kan rọ̀ mọ́ igi. Nǹkan bí ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù ni èyí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́ Buddha fúnra rẹ̀ sára ọgbà yẹn; ibi tó bá yẹ kí ó wà nínú ìtàn, igi ni wọ́n ń fi síbẹ̀, tàbí àga òfìfo, tàbí ipa ẹsẹ̀. Ohun tí olùkọ́ náà fà yọ níhìn-ín ni mo rò pé ó jẹ́ ọkàn gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀sìn tuntun tó wọlé kò lé àwọn ẹ̀mí igi jáde, ó gbà wọ́n sí iṣẹ́ olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé kò ní láti kọ ẹ̀mí ìdí igi rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè wọ ọgbà Buddha, nítorí ẹ̀mí náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ pàdé.

Ní Sanchi, ẹnubodè òkúta mẹ́rin ló yí òkìtì ńlá náà ká, àwọn yakshi sì rọ̀ sí igun wọn, èyí tó lókìkí jù di ẹ̀ka igi máńgòrò mú, ara rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Àwọn ará Íńdíà gbà pé bí arẹwà obìnrin bá fi ẹsẹ̀ kan igi ashoka, igi náà yóò tanná. Ìyẹn ló fa ẹsẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń gbé kọ́ ìdí igi. Lára ẹnubodè gúúsù, wọ́n fín in pé àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ní Vidisha ló ṣe iṣẹ́ ọnà náà. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ya ẹnu mọ́ sí bí iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ṣe kún ara òkúta ńlá bẹ́ẹ̀, níbi tí erin, ewé, ènìyàn àti ilé ti há mọ́ra wọn láìsí àyè fún ọwọ́ láti sinmi. Ní ihò àpáta Pitalkhora, yaksha aràrá kan tó ru abọ́ sórí tó sì ń rẹ́rìn-ín, alágbẹ̀dẹ wúrà ló gbẹ́ ẹ, Kanhadasa sì ni orúkọ tó fín sí i lára. Eyín erin, wúrà, igi: àwọn tó mọ ọwọ́ lórí nǹkan mìíràn ló wá sí ìdí òkúta. Agbẹ́gilére Ìtòkò tún béèrè irú irin tí wọ́n ń lò, olùkọ́ náà kò sì ní èsì tó yanrantí fún un. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n pe oníṣẹ́ òkúta kan wá síbẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, pàápàá jù lọ nínú ìlú tí àpáta pọ̀ sí bí tiwa.

Ibi ère Buddha ni ìtàn Sujata ti padà wá. Ère kan láti Mathura ni wọ́n gbé síwájú wa, òkúta pupa tí àmì funfun rúsúrúsú wà lára rẹ̀, èyí tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Buddha kan tó ń jẹ́ Bala gbé kalẹ̀ ní Sarnath ní ọdún kẹta ìjọba ọba Kanishka. Ó ga ju mítà méjì lọ. Ó dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, ó di ẹ̀ṣẹ́ òsì mọ́ ìbàdí, àyà rẹ̀ fẹ̀. Olùkọ́ náà gbé àwòrán Parkham sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí kò rí i: ara yaksha ni wọ́n fún Buddha, àyàfi ikùn. Ananda Coomaraswamy, tó bójú tó iṣẹ́ ọnà Íńdíà ní mùsíọ́mù ìlú Boston, ló tẹnu mọ́ èyí jù ní àwọn ọdún 1920, láti fi ta ko ọmọ Faransé nì, Alfred Foucher, tó ní àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì ní Gandhara, ilẹ̀ kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ìgbàanì, ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ère Buddha. Ṣùgbọ́n ìhà kan ṣoṣo ni olùkọ́ náà kọ́ wa títí ẹnì kan fi béèrè nípa èkejì, nígbà náà ló tó mẹ́nu ba Foucher ní ìdákúrekú. Ère Gandhara náà wà, aṣọ tó ṣẹ́ po lára wọn kò sì wá láti ara yaksha. Ẹni tó san owó ní ẹ̀tọ́ láti rí ìjà náà kí ó tó mọ ẹni tó borí.

Ẹ̀sùn tí mo ní tí kò kéré ni ti ọjọ́ tó kẹ́yìn. Olùkọ́ yìí, tó ti ń fara balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sáré kó gbogbo rẹ̀ jọ ó sì ní Yemọja ni yakshi, Olúwéré inú ìrókò ni yaksha, ẹ̀mí Olúmọ náà kò sì yàtọ̀. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Èmi kò pa á. Yemọja ní oríkì, ó ní olùbọ, ó ní ọdún, a mọ ohun tó ń jẹ àti ohun tó kọ̀, nínú ìlú yìí gan-an létí odò Ògùn. Obìnrin Didarganj kò ní orúkọ. Àwọn yaksha di olùṣọ́ fún ẹ̀sìn ẹlòmíràn, àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn Íńdíà mìíràn, tilẹ̀ fi yaksha kan àti yakshi kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá wọn 24 lẹ́yìn. Nígbà wo ni Yemọja ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni rí? Bí ó bá jẹ́ dandan kí a fi ilé wé ìta, ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ló yẹ kí ó dárúkọ, kò sì dárúkọ wọn rárá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ère òkúta tó wà níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí àwọn ará ìlú ti ń bọ tipẹ́, tí wọ́n sì kọ́ mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún ní ọdún 1945. Kò sí Gomitaka kankan tó kọ orúkọ sára wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀sán kan gbáko wà nínú ìyàtọ̀ yẹn, ó sì sọ ọ́ nù.

Ní ti ìwé pẹlẹbẹ, àwòrán rẹ̀ dúdú kirikiri, ó sì hàn pé fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì ni. Ní ojú ìwé kan, wọ́n kọ Sanchi sábẹ́ òpó kan tó jẹ́ ti Bharhut, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà Brahmi tó ń dárúkọ yakshi náà ṣì hàn lókè èjìká rẹ̀ fún ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn. Kò sí máàpù. Orúkọ ìlú ló pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí kò bá mọ ibi tí Mathura wà sí Patna yóò sọnù, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé kan péré ni ì bá gbà.

Yàrá náà mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́, àga wọn le. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Iná ìjọba a máa lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì a sì máa bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí etí rẹ̀ kò bá já gaara má jókòó sẹ́yìn. Ọ̀wọ́ tó kàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde, yóò dá lórí àwọn naga, ejò tó ń ṣọ́ omi ní Íńdíà, iye owó rẹ̀ kò sì yí padà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí bí ẹ bá lọ: fèrèsé apá òsì kò ní aṣọ, oòrùn ọ̀sán sì ń gba ibẹ̀ wọlé lu àwòrán títí di nǹkan bí aago mẹ́rin.